Ìfẹ́ Ọ̀dọ́langba àti Ìwàǹwára: Àwọn Ìbéèrè tí Àwọn Òbí Ń Bi Wá ní Ògbómọ̀ṣọ́

Olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ni mí, nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan kì í parí kí ẹnìkan má fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní, “Ánńtì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi yìí…” Ìbéèrè kan náà ló sábà máa ń jẹ́. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí ni ìwàǹwára tí ẹ̀ ń sọ yìí gan-an?

Ìwàǹwára ni kí ọwọ́ ti ṣe nǹkan tán kí ọkàn tó béèrè pé kí ló dé. Ọmọ tó gba ìwé “ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?” ní aago mẹ́wàá, tó sì ti fo ògiri ilé ìwé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ìwàǹwára ló ṣe. Kì í ṣe ìkà, kì í sì í ṣe òpè. Ẹni tó ń gbé ipò kìíní ní kíláàsì wà lára àwọn tó ń fo ògiri yẹn.

Yorùbá ti sọ òdìkejì rẹ̀ lórúkọ tipẹ́: ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹṣin ni wọ́n ń kó níjàánu. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti mọ̀ pé ẹṣin kan wà nínú èèyàn, àti pé wọn kì í bí ẹṣin pẹ̀lú ìjánu lẹ́nu. Nínú ọpọlọ ọ̀dọ́langba, ẹṣin ti tó gùn. Ìjánu ni wọ́n ṣì ń rọ lọ́wọ́ lágbẹ̀dẹ.

Apá wo nínú ọpọlọ ni ìjánu yìí wà?

Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí yín. Ẹ̀yìn egungun ibẹ̀ ni apá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prefrontal cortex wà. Òun ló ń rò ó pé, “Bí mo bá ṣe báyìí, kí ló máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?” Òun náà ló ń sọ fún ọwọ́ pé kó dúró ná. Ó wà lára àwọn apá tó ń gbó kẹ́yìn nínú gbogbo ọpọlọ. Àwọn apá tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń gbọ́ adùn, ẹ̀rù àti ìbínú, ti máa ń jí gìrì nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà. Ọdún tó wà láàárín ìjí tibí àti gbígbó tọ̀hún ni wàhálà tó wà nílé yín.

Ní 1848, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá irin kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń jẹ́ Phineas Gage wọlé, ó sì gba orí rẹ̀ jáde. Kò kú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè dúró lórí ìpinnu kan mọ́, ohun tó bá ti wá sí i lọ́kàn ló ń ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní kì í ṣe Gage tí àwọn mọ̀ nìyẹn. Apá iwájú yìí ni irin náà bà jẹ́. Ti ọmọ yín ò bà jẹ́ o. Kò tíì parí ni.

Báwo ni ọpọlọ ṣe ń gbó? Ṣé ó ń tóbi sí i ni?

Rárá. Bí ọmọ bá fi máa pé ọdún mẹ́fà, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti àgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jọ oko àgbàdo. Ẹni tó bá ti dáko lágbègbè wa mọ̀ pé a kì í sọ ẹyọ kan ṣoṣo sí ihò. Mẹ́ta, mẹ́rin ni. Bó bá hù tán, a ó fa èyí tí kò lágbára tu kí ìyókù lè yọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ọ̀dọ́langba ṣe ń fa àwọn ìsopọ̀ tí kò lò tu. Àwọn tó ń lò, ó ń fi ọ̀rá wé wọn bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà bo wáyà iná, kí iṣẹ́ tó bá rán gba ibẹ̀ yára. Láti ẹ̀yìn ló ti ń ṣe é bọ̀ wá síwájú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé iwájú ló ń gbẹ̀yìn.

Ìmọ̀ yìí ò pẹ́ rárá. Ní 1991 ni Jay Giedd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ, wọ́n tún ń pe àwọn ọmọ kan náà padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti tún un yà. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ ti tán lórí ọpọlọ kí ọmọ tó wọ girama.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 25 ni ọpọlọ tó ń parí?

Ẹ má di nọ́ńbà yẹn mú bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Kò sí àárọ̀ ọjọ́ kan tí èèyàn jí tí ìjánu ti dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn ogún ọdún. Ti ẹlòmíràn yá, ti ẹlòmíràn pẹ́. Mo sì mọ àwọn bàbá ẹni àádọ́ta ọdún tí ìjánu tiwọn ṣì wà lágbẹ̀dẹ.

Ṣé ọmọ ọdún 15 tilẹ̀ lè nífẹ̀ẹ́? Àbí eré ọmọdé ni?

Ìfẹ́ ni. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Helen Fisher, Arthur Aron, Lucy Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èèyàn 17 tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lọ́kàn sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n wá ń fi fọ́tò olólùfẹ́ wọn hàn wọ́n. Ibi tó tàn nínú ọpọlọ wọn ni ibi tí dópamínì ti ń jáde, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú kí èèyàn dìde lọ wá ohun tó ń wù ú. Ibẹ̀ náà ni oògùn olóró ń lọ. Àwọn yẹn sì ti pé ọdún 18 sókè o! Ó ṣeé ṣe kí ti ọ̀dọ́langba tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí apá tó ń gbọ́ adùn yìí máa ń ta kìjí ní ọjọ́ orí wọn ju ti ọmọdé lọ, ju ti àgbà náà lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun nífẹ̀ẹ́ ẹnìkan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá kan mú ìwé tó bá nínú báàgì ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ojú ewé méjì tí wọ́n ya láti àárín ìwé kíkọ, ihò píìnì ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n fi báírò pupa ya ọkàn sí igun rẹ̀. Ó kà á sókè fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ìfẹ́ wo? Ẹni tí kò mọ ìlá á sè!” Ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Títí ó fi ṣe WAEC, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọkùnrin kankan mọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọmọ mi mọ ohun tó tọ́. Bí ẹ bá bi í, á dáhùn bí àgbà. Kí ló dé tó tún lọ ṣe òdì?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Èèyàn ń ronú nígbà tí ara tutù, ó sì tún ń ronú nígbà tí ara gbóná, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Laurence Steinberg, onímọ̀ nípa ìrònú àwọn ọ̀dọ́, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i pé, bí ara bá tutù, tí kò sí ẹni tó ń kán an lójú, ọmọ nǹkan bí ọdún 16 lè ronú tó àgbà. Ìgbà tí ara bá gbóná, tí olólùfẹ́ dúró níwájú, tí ọ̀rẹ́ ń wò, ni ìjánu ń já. Ti ìgbà gbígbóná yìí ṣì máa ń pẹ́ ọdún mélòó kan kó tó gbó.

Mo bi ọmọbìnrin kan ní SS2 nínú ọ́fíìsì mi pé, “Bí ó bá ní kí o wá sílé òun nígbà tí kò séèyàn ńkọ́?” Ó dá mi lóhùn bí lọ́yà. Ó ka ewu oyún, ó ka ti àrùn, ó ka ti ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ. Nígbà tí mo pè é padà, kò purọ́. Ó ní, “Ánńtì, gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ọ̀kadà ni.”

Ẹ̀yin òbí, orí ọ̀kadà yẹn ni ìwàásù wa kì í dé. Yàrá ìgbàlejò ni ọmọ ti ń gbọ́ ìwàásù, pẹ̀lú ara tútù. Ohun tó lè bá a dé orí ọ̀kadà ni ètò tí ẹ ti jọ ṣe sílẹ̀: pé ilé kì í ṣófo ní irú wákàtí yẹn, pé ẹnìkan ń retí rẹ̀ níbi kan, pé ó ti ní gbólóhùn kan lẹ́nu tí kò ní nílò ìrònú. Ẹ fi àwọn ọ̀ràn tó ń dé ọ́fíìsì mi ṣe àríkọ́gbọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣẹlẹ̀ lóru. Ààrin aago méjì tí a ń jáde nílé ìwé àti aago mẹ́fà tí ìyá ń ti Ọjà Jagun dé ni.

Kí ló dé tí ìwà rẹ̀ fi ń yí padà bó bá ti wà láàárín ọ̀rẹ́?

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Margo Gardner àti Steinberg fi eré ọkọ̀ wíwà lórí kọ̀ǹpútà dán èyí wò ní 2005. Nígbà tó bá ku ẹnìkọ̀ọ̀kan lóun nìkan, ewu tí ọ̀dọ́langba ń kì ọrùn bọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ méjì jókòó tì wọ́n, ti ọ̀dọ́langba fò sókè gan-an. Ti àwọn tó ti pé ọdún 24 sókè kò yí padà.

Bí ọmọkùnrin ṣe ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn mẹ́ta yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọbìnrin náà.

Ṣé ti ọmọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin?

Díẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń tètè bàlágà, ọpọlọ tiwọn náà sì máa ń ṣáájú pẹ̀lú nǹkan bí ọdún kan sí méjì. Kò tó ohun tí a lè torí rẹ̀ sọ ọ̀kan di ewúrẹ́ so mọ́lẹ̀ kí a fi ìkejì sílẹ̀ kó máa jẹ káàkiri.

Ìyá ìyá mi kò tíì pé ogún ọdún tó ti wọlé ọkọ. Ọpọlọ tiwọn ńkọ́?

Tiwọn náà kò tíì gbó. Wọn ò kàn fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹ ka ètò náà lórí ìka: ìfojúsóde, alárenà, ìwádìí ìdílé, ìtọrọ, ìjọ́hẹn, ìdána. Alárenà ń lọ, alárenà ń bọ̀, oṣù ń gorí oṣù. Kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dé etí ọmọ, ó ti gba ọwọ́ àgbà mẹ́ta kọjá. Ọwọ́ wọn ni ìjánu wà.

Mi ò ní ètò náà ò ní àléébù. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ohun tó wù wọ́n, àwọn mìíràn sì bá ìrọbí lọ nítorí pé ara wọn kò tíì tó o bí. Ìdádúró inú rẹ̀ ni mò ń tọ́ka sí. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ alárenà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lọ́nà.

Mo ti nà án, mo ti gba fóònù rẹ̀, mo ti fá orí rẹ̀. Kò jáwọ́. Kí ló kù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fá orí ọmọ mọ́.

Nígbà tí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn, apá iwájú ọpọlọ yìí gan-an ni agbára rẹ̀ ń kọ́kọ́ dín kù. Ìjánu tí ẹ fẹ́ kó lágbára lẹ̀ ń gba lẹ́nu ẹṣin. Ọmọ á dákẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì á ti yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ríra á sì kúrò ní iwájú ilé, á di ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí.

Bí ẹ bá lè gbà á mọ́ra, ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin náà wá kí yín lọ́sàn-án gangan. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀ àti ilé wọn. Àwọn bàbá kan bínú sí mi lórí ìmọ̀ràn yìí, wọ́n ní mò ń fún ọmọ láyè. Èrò mi ni pé ọmọkùnrin tó ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, tó sì mọ̀ pé ẹ mọ bàbá òun, ti gba ìdajì ìjánu kan sẹ́nu.

Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ fóònù lóru?

Aago ara ọ̀dọ́langba máa ń sún síwájú. Oorun kì í tètè kùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ara wọn ń fẹ́ wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ilé ìwé ò sì ní dúró dè wọ́n láàárọ̀. Ẹni tí kò sùn tó, ìjánu rẹ̀ á dẹ̀. Ìjà ìfẹ́ tó le jù tí mo ti yanjú rí, láàárín aago méjìlá àti aago méjì òru ni wọ́n ti fi WhatsApp jà á.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ní ilé mélòó kan: bó bá di aago mẹ́wàá, gbogbo fóònù á sùn sí pálọ̀. Títí kan ti bàbá.

Ọmọ mi ti fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan. Ọmọkùnrin náà ń halẹ̀ pé òun á tú u síta.

Ẹ má fi lílù bẹ̀rẹ̀, torí ẹ nílò kí ọmọ sọ gbogbo òótọ́ fún yín lónìí. Ẹ má san owó fún ẹni tó ń halẹ̀. Á tún padà wá. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ tó kọ. Àwòrán náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ tàbí ááfà pé kí wọ́n bá yín wò ó. Òfin Cybercrimes ti 2015 ka ṣíṣe irú àwòrán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, níní in lọ́wọ́ àti pínpín in sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ òbí tó pín in sílẹ̀. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹni tó mọ òfin, kí ẹ sì sọ fún ilé ìwé bí ọmọkùnrin náà bá wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ti já a sílẹ̀. Kò jẹun, kò sùn. Ṣé kó má jẹ́ àṣejù?

Kì í ṣe àṣejù. Ní 2010, Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ya àwòrán ọpọlọ èèyàn 15 tí olólùfẹ́ wọn kọ̀ sílẹ̀. Àwọn ibi tó tàn kan àwọn tí ń tàn nígbà tí oògùn olóró bá ń gbẹ ẹni tó ń lò ó lọ́fun, àti àwọn tí ń tàn nígbà tí ara bá ń ro èèyàn. Nítorí náà, “gbàgbé ẹ̀, ọkùnrin pọ̀ nígboro” ò lè wo ó sàn. Ẹ bu oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Bó bá wá sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù rẹ̀ ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ, ẹ bi í tààrà: “Ṣé ò ń ronú láti pa ara rẹ ni?” Bíbi í kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn yòókù nínú ilé sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì méjì ló wà nílùú wa, ti LAUTECH àti ti Bowen. Níbi ìwàǹwára, wákàtí kan tí ẹnìkan jókòó tì í lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀.

Ọmọ yunifásítì ni bọ̀bọ́ náà, ọdún 22. Ọmọ tèmi jẹ́ 15. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ara wọn.

Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Èyí kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀dọ́ méjì mọ́. Ẹni tí ìjánu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ló ń gun ẹṣin tí kò ní ìjánu. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ẹ̀wọ̀n gbére ló sì kọ síwájú àgbà tó bá bá a lò pọ̀. “Òun náà gbà” kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006.

Àwọn ìdílé kan á ní kí wọ́n kúkú fẹ́ra wọn, pàápàá bí oyún bá ti wọ̀ ọ́. Òfin náà ò gba ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé 18. Kí ọmọ bímọ, kó padà sílé ìwé. Ìyá àgbà tó gba ọmọ tọ́ kí ọmọ tirẹ̀ lè jókòó ṣe WAEC pọ̀ nílùú yìí ju ẹni tó ń ṣépè lọ.

Bí ọpọlọ wọn ò bá tíì gbó, ṣé wọn ò jẹ̀bi ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn?

Wọ́n jẹ̀bi. Ẹ̀bi wọn ni kò tó ti àgbà. Ní 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Roper sí Simmons pé wọn ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún ẹni tó dá ọ̀ràn kó tó pé ọdún 18. Wọn ò ní kí wọ́n dá a sílẹ̀ o.

Ọmọkùnrin kan tó fipá fa ọmọbìnrin wọ kíláàsì sọ fún mi pé, “Ánńtì, ẹ̀yin náà lẹ ní ọpọlọ wa ò tíì pé.” Mo bi í pé ṣé ó lè ṣe é lójú pírínsípà. Ó ní rárá. Ìjánu wà nígbà náà.

Ọmọ ọdún 17 ni mí. Èmi fúnra mi ni mò ń ka èyí. Kí ni kí n ṣe?

Pé o nífẹ̀ẹ́ ẹnìkan kò burú. Ìgbà tí ara rẹ bá tutù ni kí o ti pinnu ohun tó o máa ṣe àtohun tí o ò ní ṣe, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti jókòó ti ara yín. Máa ní owó ọ̀kadà tìẹ lọ́wọ́ tí yóò gbé ọ padà sílé, kó má di pé ẹni tó gbé ọ lọ ló máa sọ ìgbà tó o máa dé. Ọmọ kan máa ń fi tirẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ní gbólóhùn kan lẹ́nu tí o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn. “Màmá mi ń pè mí” ti gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀.

Bí ó bá mú ọ bínú lálẹ́, tàbí tí inú rẹ dùn débi pé o fẹ́ ṣèlérí ayérayé, kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, má tíì fi ránṣẹ́. Sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tó o fọ eyín, tó o jẹun, tó o kà á, tó sì tún wù ọ́ bẹ́ẹ̀, fi ránṣẹ́.